Ilẹ̀kùn Tí Mo Tì Pa

Mo rántí ìró ẹ̀rọ mònógíráàmù nígbà yẹn, ká-ká-ká, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi obìnrin ni, ní Boundary l'Ajégúnlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi òwú kọ àwòrán sára aṣọ. Orúnkún mi ti ní mi ò gbọdọ̀ kiri ọjà mọ́, mo bá di ẹni tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Línúùsì ni kọ̀ǹpútà náà ń lò, kì í ṣe Windows tí gbogbo ayé mọ̀. Ojú dúdú lásán ló ń là sílẹ̀, àṣẹ lèèyàn á kọ sí i kó tó ṣiṣẹ́, ó sì kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Àmọ́ èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti bá onílé mójú tó ilé onírúùmù rẹpẹtẹ rí ní àdúgbò náà. Nígbà tí ọmọ mi ní olúkúlùkù ẹni tó ń lò ó ló ní orúkọ tirẹ̀, kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ àti fódà tirẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rín pa mí. Àṣé ayálégbé ni wọ́n! Kò pẹ́ tí mo fi ń dá kọ àṣẹ adduser, tí mò ń gba ayálégbé tuntun sílé. Mo máa ń wé gèlè kí n tó tẹ̀ ẹ́, àfi bí ẹni tó ń lọ bá onílé ṣèpàdé.

Ọ̀rẹ́ ọmọ mi láti kékeré ló ń bá wa ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà náà, òun náà sì ní yàrá tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Malu Road ní ká kọ àdàbà sára aṣọ akọrin àwọn. Aṣọ àkọ́kọ́ jáde, ọmọ mi gbé e sókè.

"Àdàbà rè é? Adìẹ lo yà yìí o! Bùrọ́ílà gan-an!"

"Ojú ẹ ni ò dáa. Abeg, máa ya tìẹ!"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé báàgì, ó jáde. Ọmọ mi kọjú sí mi. "Màmá, ẹ pa orúkọ ẹ̀ rẹ́. Ẹ palẹ̀ gbogbo ẹrù ẹ̀ mọ́."

Mo mọ àṣẹ yẹn. Kéèyàn kọ userdel, kó fi -r sí i, ilé wó nìyẹn. Gbogbo àwòrán tó ti ń yà láti ọjọ́ tó dé á lọ, a ò sì tọ́jú ẹ̀dà síbòmíràn. Mo nawọ́, mo fà á padà. Nílé wa àtijọ́, ayálégbé tó bá fìjà jáde, a kì í kó ẹrù rẹ̀ síta. Àgádágodo la máa ń fi kọ́ ilẹ̀kùn títí ara á fi rọ̀. Ìbínú ò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Mo bá kọ usermod -L, àgádágodo ti kọ̀ǹpútà, mo fi orúkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Ẹ ti pa á rẹ́?"

"Mo ti tì í pa."

"Ẹ pa á rẹ́ ni mo ní, Màmá!"

"Mo gbọ́. Lọ jẹun ná."

Kò jẹun. Ó kàn ń wo àga ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni.

Nígbà tí ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ gba aṣọ kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rẹ́ náà yọ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàsán, Mà. Mo ní kí n wá wò bóyá ẹrù mi ṣì wà." Ọmọ mi ò gbójú sókè. "Bi Màmá."

Mo wé gèlè mi. Mo kọ usermod -U, ilẹ̀kùn ṣí. Àwòrán rẹ̀ gbogbo tò kalẹ̀, adìẹ yẹn ló ṣáájú. Àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ọn.

"Ọ̀rẹ́ mi," ni ẹni tó yà á wí, "bùrọ́ílà ni lóòótọ́."

Ẹ̀rín ni wọ́n fi dì mọ́ ara wọn. Ọ̀sán yẹn náà ni wọ́n jọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n tún ọrùn rẹ̀ yà, ó sì di àdàbà fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Aṣọ ọmọdé la wá ń kọ adìẹ àkọ́kọ́ yẹn sí báyìí, ó sì ń tà ju àdàbà lọ. Wọ́n ṣì ń jà, ahọ́n àti eyín ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí inú bá tún bí ọmọ mi, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Màmá, ẹ bá mi tì í pa ná." Èmi á rọra wé gèlè mi, n ò ní yára rárá. Kí n tó wé e tán, wọ́n á ti máa bára wọn rẹ́rìn-ín.