Ìkòkò Àtẹ́lẹwọ́ Ìyá

Tíṣà kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn títí irun orí rẹ̀ fi funfun, àwọn ọmọ náà sì sùn títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ kì í bá a rín in, torí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún dénú. Ilé ìtẹ̀wé kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò òróró, ìgò oògùn àti agolo ọ̀dà. Ìyá Alálẹ̀mọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Nínú ilé tirẹ̀ pàápàá, ó lẹ ìwé mọ́ agolo iyọ̀, ó lẹ ìwé mọ́ agolo ṣúgà, kò sì yọ páálí bàtà ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Tíṣà ní bí òun bá jókòó pẹ́ jù lójú kan, yóò lẹ ìwé mọ́ òun náà níwájú orí.

Lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ kan, kó lè ri òpó ọgbà, ni ṣọ́bìrì bá kan ọrùn ìkòkò amọ̀ kan. Ẹlòmíì á fọ́ ọ, á sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tíṣà kúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ ko erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó mọ ohun tó rí. Láyé àtijọ́, àwọn ìyá ló ń ṣe wáìnì lórí òkè tí ilé wọn wà. Wọ́n á tẹ èso àjàrà, wọ́n á da omi rẹ̀ sínú ìkòkò tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn, wọ́n á fi ìda oyin dí ẹnu rẹ̀, wọ́n á fi amọ̀ tútù bo ìda náà. Ẹni tó ni ìkòkò á wá fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tẹ amọ̀ ọ̀hún. Ó di ìgbà tí àjàrà bá tún yọ òdòdó kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i.

“Ìtàn téèyàn bá lè mu,” Tíṣà sọ fún ìyàwó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, “kò sẹ́ni tó máa sùn sí i.”

“Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọtí gan-an ló ń mú èèyàn sùn ni?”

Ẹnu ló fi sọ bẹ́ẹ̀ o. Kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ló kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta igi àjàrà. Wọ́n gbìn ín, wọ́n sì fara balẹ̀ dúró dè é fún ọdún mélòó kan. Nígbà tó fẹ́ so, Ìyá Alálẹ̀mọ́ fi ọwọ́ rẹ̀ bọ inú ọ̀dà pupa ní ilé ìtẹ̀wé, ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó sì tẹ “Àtẹ́lẹwọ́ Ìyá” sábẹ́ rẹ̀. Orúkọ wáìnì wọn nìyẹn. Tíṣà kọ ìtàn àwọn ìyá àtijọ́ kún ojú ewé kan gbáko, ìyàwó rẹ̀ sì gé e kù díẹ̀.

“Ara ìgò ni, Tíṣà. Kì í ṣe pátákó ìkọ̀wé.”

Ìkòkò kan ṣoṣo ni ìkórè àkọ́kọ́ kún. Àwọn méjèèjì fẹsẹ̀ tẹ àjàrà náà, wọ́n di èjìká ara wọn mú kí wọ́n má baà yọ̀ ṣubú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Obìnrin náà tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ amọ̀. Tíṣà wá kìlọ̀ pé bí atẹ́gùn bá wọlé ṣáájú àsìkò, ọtí náà bàjẹ́ nìyẹn, kò sì sí àtúnṣe.

Kò pẹ́ tí ewé àjàrà wọ́ dànù ni ikọ́ gbé Tíṣà ṣánlẹ̀. Dókítà pe ìyàwó rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn.

“Ṣé wọ́n á rí ìgbà tí igi máa yọ òdòdó?” obìnrin náà béèrè.

Dókítà wolẹ̀. “Ìyá, ó máa ṣòro.”

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló kù tí obìnrin náà ń wá láyé: kí ọkọ òun tọ́ wáìnì wọn wò kó tó kú. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn ṣí ìkòkò. Tíṣà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dára létí, ṣùgbọ́n ikú ò mọ ẹ̀sọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Tíṣà sùn, ìyàwó rẹ̀ mú òòlù kékeré lọ sẹ́yìn ilé. Ó fọ́ amọ̀ náà lójú ibi tí ìka ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ sí. Ó bu ife kan, ó tún fi ìda mìíràn dí ẹnu ìkòkò, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ó ti pinnu ohun tó máa ṣe. Yóò ní ẹlòmíì ló ṣe ọtí náà. Bí Tíṣà bá ti yìn ín tán, ìgbà yẹn ni yóò jẹ́wọ́ fún un, tí inú àwọn méjèèjì á jọ dùn.

Tíṣà fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí. Ó gbé ife náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi í sẹ́nu, ó sì pẹ́ kó tó gbé e mì. Ojú rẹ̀ tàn, bí kò ṣe tàn látìgbà tó ti dùbúlẹ̀.

“Ta ló ṣe èyí?”

“Ọ̀rẹ́ ọ̀gá mi kan ni.”

“Ẹni yẹn mọ iṣẹ́.”

Ayọ̀ gba ọkàn obìnrin náà. Ó ti lanu láti sọ ọ́ nígbà tí Tíṣà na ìka kan sókè, bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì.

“Àmọ́ ó kánjú. Ó ṣí i kó tó jinná. Ká ní ó ní sùúrù ni, ọtí yìí ì bá di èyí táwọn èèyàn á máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ títí. Ó ti bà á jẹ́.” Ó mi orí, àánú onítọ̀hún ń ṣe é. “Tiwa ò ní rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ lò ń ṣọ́ ọ.”

Ìyá Alálẹ̀mọ́ ń tún aṣọ ìbora ṣe níbi tí kò ti wọ́.

“Bá mi sọ fún un,” Tíṣà ní, “kó má kánjú mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.”

“Màá sọ fún un.”

Tíṣà mu ìyókù, ó ní làálàá èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń dà nù. Ó kú kí igi àjàrà tó rúwé. Àwọn tó wá bá wọn kẹ́dùn ń sọ pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kó tó lọ, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ó tọ́ wáìnì rẹ̀ wò kó tó kú, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe fẹ́. Kò kàn mọ̀ pé tirẹ̀ ni.