Apá Sùtánà Funfun

Òórùn àpò awọ kámẹ́rà tí olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní fọ́tò yíyà gbé sórí tábìlì ló dá mi padà sí ọ̀sán kan ní Gowon Estate. Àǹtí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mú onífọ́tò wá láti ya ìdílé wa. Màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn dé nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Ó dúró sí ìparí ìlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tùràrí ń rùn lára rẹ̀.

Àǹtí wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó pòṣé. “Ẹ má yà á ní fúùlù, jàre. Ẹ sún mọ́ wọn, kó mọ ní ìbàdí.”

Onífọ́tò sún mọ́ wa.

Màmá mi ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣì wà nínú fọ́tò?”

“Ẹ wà níbẹ̀ dáadáa, mà.”

Nígbà tí fọ́tò dé, apá sùtánà màmá mi nìkan ló hàn létí rẹ̀. Bàbá mi jágbe mọ́ màmá mi: “Ìwọ náà ò lè dúró jẹ́ẹ́!” Mo gbà pé ó mira ni.

Lónìí, olùkọ́ wa ní ẹni tó ń ya fọ́tò máa ń rí etí fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó tẹ kámẹ́rà. Onífọ́tò ọjọ́ yẹn rí i pé ìyá mi ti bọ́ síta, ó dá a lóhùn pé ó wà níbẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́.