Òkòtó Méjì sí Méjì ní Japara

Ràfátù ọmọ Bàbá Alápatà ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí láyé. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, ọkọ mi olóògbé sì wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣíwájú ni à ń kọ́kọ́ kí. Mo ti gbàgbé orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ níwèé. N kò gbàgbé Ràfátù.

Ohùn kan ló tún jí ọ̀rọ̀ náà. Fẹ́yíṣayọ̀, ọmọ-ọmọ mi tó ń lọ sí yunifásítì, ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Àgọ́-Ìwòyè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbá géèmù lórí fóònù rẹ̀. Fóònù náà ń dún rìrìrìrì, ohùn tó fẹ́lẹ́, tó ń yí, tó wá ń rọlẹ̀ bí ohun tó fẹ́ ṣubú. Abẹ́bẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohùn òkòtó lórí sìmẹ́ńtì nìyẹn gan-an.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ òkòtó. Ìkarawun ìgbín kékeré ni, tí a gé ẹnu rẹ̀ kúrò, tí a fi òkúta ha ìdí rẹ̀ títí tó fi mú ṣóńṣó. Ìka ni a fi ń yí i, a ó sì jù ú sílẹ̀ kó máa jó. Ní ilé-ìwé wa ní Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, méjì sí méjì ni a máa ń ta á: ọmọ méjì níhìn-ín, ọmọ méjì lọ́hùn-ún, òkòtó mẹ́rin nínú agbo kan ṣoṣo tí a fi ṣọ́ọ̀kì yà sílẹ̀. Apá tí òkòtó rẹ̀ bá jó kẹ́yìn ló borí. Àwọn tó pàdánù yóò tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀, a ó sì fi ṣóńṣó òkòtó gún wọn lẹ́yìn ọwọ́. Ó máa ń dunni wọ egungun, ìdí nìyẹn tí ọmọ kì í fi ojú lásán yan ẹnìkejì rẹ̀.

Èmi àti Ràfátù la jọ ń ta. Màmá mi máa ń lọ ra ẹja ní Ìwópin, létí omi, ibẹ̀ ló ti bá mi mú ìkarawun kan bọ̀, tó nípọn, tó wúwo, tó ń jó jẹ́jẹ́ bí ìyàwó wòlíì. Ti Ràfátù tín-ín-rín, ó yára, ó sì burú. Tèmi á dúró láàárín agbo, òkòtó àwọn ọ̀tá á máa forí sọ ọ́, agbára wọn á máa tán díẹ̀díẹ̀, ìgbà náà ni ti Ràfátù á yọ lẹ́yìn wọn, á sì gbá wọn dànù. Òun ni gbogbo ilé-ìwé ń pàtẹ́wọ́ fún. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìṣáwùrú, ìgbín inú odò tí kì í kánjú. Ràfátù ọ̀rẹ́ mi ló sọ mí lórúkọ náà.

Ó ku ọ̀la kí a bá àwọn ọmọ ilé-ìwé Òkè-Àgbò ta, ló bá wá bá mi nídìí kànga.

“Ìṣáwùrú, má bínú o. Kẹ́hìndé ni màá mú.”

Ọmọbìnrin ọ̀gá ilé-ìwé ni Kẹ́hìndé. Òjé ni wọ́n fi ṣe òkòtó tirẹ̀, Èkó ni bàbá rẹ̀ ti rà á, ó ń dán bí eyín tuntun.

“Kí ni mo ṣe?” ni mo bi í.

“O ò ṣe nǹkan kan. O kàn ń dúró ni. Kí ni dídúró ń ṣe fúnni?”

Lọ́jọ́ kejì, mo jókòó sórí gbòngbò igi, mo ń wò wọ́n. Wọ́n ju òkòtó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Ti Ràfátù sáré síhìn-ín, òjé Kẹ́hìndé sáré sọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó dúró. Ni ti Ràfátù bá forí lé òkòtó ọmọ Òkè-Àgbò kan, ó tàsé rẹ̀, ó gbá òjé Kẹ́hìndé ní ìbàdí, àwọn méjèèjì sì ṣubú lulẹ̀. Òkòtó àwọn ọmọ Òkè-Àgbò ṣì ń jó ní tiwọn, bí ẹni tí kò gbọ́ pé ìjà wà.

Ó yẹ kí Ràfátù tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó na ọwọ́ náà sí mi.

“Òun ni! Ẹ wo ẹnu rẹ̀! Ó ń ṣépè!”

Àgbálùmọ̀ ni mo ń jẹ lẹ́nu. Mo rún eèpo rẹ̀ títí ó fi di gọ́ọ̀mù, mo sì ń jẹ ẹ́ lọ. Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn? Títí sáà náà fi parí, kò sí ọmọ tó bá mi ta òkòtó mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo ń bá ọwọ́ òsì mi ta. Àwọn ènìyàn a máa yìn mí pé mo kàwé gan-an. Kí ni mi ò bá ṣe? Kò sẹ́ni tó bá mi ṣeré.

“Màmá, méjì sí méjì ni,” ni Fẹ́yíṣayọ̀ wí nígbà tí mo bèèrè ohun tó ń dún. “Ẹranko ẹhànnà méjì lápá tèmi, méjì lápá tiwọn. Wọ́n sì ti nà mí tán.”

Mo wọ awò ojú mi. Abìjà méjì ló kó jọ, eyín nìkan, èékánná nìkan.

“Ta ló máa gba ìyà nínú wọn?”

Ó wò mí bí ẹni pé fóònù ló sọ̀rọ̀. Mo ní kó fi èyí tó ru ìkarawun síwájú, kó máa fa ìkọlù sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kí èkejì wá máa lù wọ́n. Ó borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, èmi ni mo ń gbá géèmù, òun ló ń tẹ ẹ̀bà.

“Màmá, ìyá àgbà Súlíyà ọ̀rẹ́ mi náà ń gbá a o, ní Japara. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè na àwọn.”

“Kí lorúkọ wọn?”

“Àlàájà Ràfátù.”

Ní Sátidé, a wọ takisí. N kò lè gun ọ̀kadà mọ́, ìbàdí mi kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ràfátù ti sanra, ó fi wúrà seyín. “Ìṣáwùrú! O ṣì wà láyé?”

“Mo wà. Ṣebí dídúró ni iṣẹ́ mi.”

A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù lọ́wọ́ oníkálukú, àwọn ọmọ-ọmọ wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ràfátù mú ẹhànnà kan tó ń yọ iná lẹ́nu, ó tún mú òmíràn tó dà bí erin, tó ń mi ilẹ̀ tìtì. Mo mú oníkarawun mi, mo sì mú ẹyẹ kan tì í.

“Ìkarawun náà tún rèé!” Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀.

Wọ́n lu oníkarawun mi, ó dúró. Wọ́n tún lù ú, ó dúró. Inú bí Ràfátù, ó ní kí erin mi ilẹ̀. Nínú géèmù yìí, ẹni tó bá mi ilẹ̀ kò dá ẹnikẹ́ni sí: ó ń lu ọ̀tá, ó sì ń lu ẹnìkejì rẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà nílẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba, ṣùgbọ́n Ràfátù kò ka nǹkan dópin rí. Oníkarawun mi wọ inú ilé rẹ̀ lọ. Ẹyẹ mi wà lókè. Elẹ́nu-iná tirẹ̀ ló dà wó.

“Ta ló pa á?” ni ó kígbe.

“Ẹ̀yin ni, Màmá,” ni Súlíyà wí.

Mo la ẹnu mi sílẹ̀ gbàgà, kí gbogbo wọn rí i pé n kò jẹ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ẹyẹ mi sọ̀ kalẹ̀ wá parí erin náà.

Kò sí òkòtó ní Japara mọ́. Wọ́n ti to búlọ́ọ̀kù sí gbogbo àgbàlá ilé-ìwé wa, agbo wa wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ń jà lórí fóònù, ẹ̀yìn ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò sì bó. Ṣùgbọ́n títí di òní, a kì í pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń dúró gba ìyà, àfi lọ́jọ́ tí kò bá sí níbẹ̀. Mo ti múra ọ̀rọ̀ tí n ó sọ fún Ràfátù sílẹ̀ láti ìgbà èwe mi, ó gùn, ó sì korò. N kò ráàyè sọ ọ́. Ó gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀, ó yọ òrùka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá tẹ́ ọwọ́ náà sórí àpótí níwájú mi, ẹ̀yìn rẹ̀ lókè.

“Òkòtó mi ló gbá ti Kẹ́hìndé. Mo rí i lọ́jọ́ náà gan-an. Gún mi, Ìṣáwùrú, ṣùgbọ́n rọra o, oríkèé ọwọ́ ń ro mí.”