Òróró Lára Àáké Yìnyín

Ẹnu ìyá mi mú ju àáké lọ, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ, torí mo ra àáké méjì. Kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń la igi. Àáké yìnyín ni, irú èyí tí àwọn tó ń gun òkè máa ń dì mú, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, tí wọ́n á máa gbá a mọ́ yìnyín, tí wọ́n á sì máa fi fa ara wọn gòkè.

Àárín ìgboro Dublin ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà wọ́n wà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló bá mi lọ, ọkùnrin ọmọ Ireland tí a jọ ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ní Grange Castle, tí a sì jọ máa ń so ara wa mọ́ okùn kan náà bí a bá ń gun òkè. Ẹni tó ń tajà kò tilẹ̀ wò mí. Ọ̀rẹ́ mi ló ń bá sọ̀rọ̀, òun ló ń kó ọjà lé lọ́wọ́, títí mo fi gba àáké náà tí mo ní èmi ni mo fẹ́ rà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi mí bóyá yìnyín wà nílùú wa. Mo ní ó wà, inú fíríìjì.

Ìṣòro mi ni pé mo fẹ́ èyí tó máa ṣe iṣẹ́ méjì. Àwọn òkè gíga wà tí èèyàn máa kọ́kọ́ rìn pẹ́ nínú yìnyín rírọ̀ kó tó kan èyí tó le. Àáké tí wọ́n ṣe fún irú ìrìn yẹn, ọ̀pá rẹ̀ tọ́ gbọnrangandan, irin ṣóńṣó sì wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n fi ń gún ilẹ̀ bí ọ̀pá arúgbó. Èyí tí wọ́n ṣe fún yìnyín tó dúró bí ògiri, ọ̀pá tiẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé, kí ìka ọwọ́ má baà máa lu yìnyín. Ti àkọ́kọ́ máa dá èèyàn lápá lára ògiri, ti ìkejì kò wúlò fún ìrìn. A wá rí èyí tó wà láàárín wọn. Ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ níwọ̀nba, irin ṣóńṣó wà nídìí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣeé tú kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bó bá kú, ibì kan sì wà tí ìka tó kéré jù máa ń jókòó lé, tí wọ́n lè sún kúrò bí wọ́n bá fẹ́ fi ọ̀pá gún ilẹ̀.

Ibi ìdìmú ni mo yẹ̀ wò jù, torí ọwọ́ mi kéré. Mo wọ ìbọ̀wọ́ tí mo máa lò, mo ń di àáké mú lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi máa fà á, kí n mọ̀ bóyá ó máa yọ̀. Ti àárín yìí kò yọ̀. Rọ́bà rẹ̀ dì mọ́ ìbọ̀wọ́ mi bí ọmọ tó ń dì mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Okùn kan tún wà tí wọ́n fi ń so àáké mọ́ ìgbànú, ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi sílẹ̀, pé ó máa ń lọ́ mọ́ èèyàn lára. Mo fi sílẹ̀.

Nílé wa, kò sẹ́ni tó ń rìnrìn àjò kí Mọ́mì má gbé ọwọ́ lé e lórí, ì báà jẹ́ Cork lásán, nínú Ireland níbí. Ìyẹn ni mo ń wá nígbà tí mo kó àáké méjèèjì délé wá fi hàn án. N kò lọ síbì kankan rí láìsí àdúrà yẹn, ẹ̀rù òkè náà sì ń bà mí ju bí mo ṣe ń sọ lọ.

Mọ́mì gbé ọ̀kan nínú àwọn àáké náà, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀ pẹlẹbẹ.

“Ọkọ́ nìyí,” ó ní. “Ọkọ́ ni mo sá fún kí n tó gbé ẹ wá síbí. Mo gbé hostel asylum tí wọ́n ń kó àwọn tó sá wá sí, mo di ẹrù nínú factory ní Damastown títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀. Kí ìwọ lè lọ fi ọkọ́ ro yìnyín?”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ṣáà gbàdúrà fún mi.”

“Mi kì í gbàdúrà fún òkú. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ wà nílé ọkọ, wọ́n ń tọ́mọ. Tó o bá kú, kí wọ́n má gbé òkú ẹ wá fún mi o. Mi ò níbi tí mo fẹ́ gbé e sí.”

Ó tan tẹlifíṣọ̀n. Inú bí mi gan-an. Mo di àáké náà sínú àpò, mo gbé àpò sẹ́nu ọ̀nà, mo gba ibi iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ tí mo rìnrìn àjò, ó jókòó sí ìdáná, kò gbójú sókè, èmi náà kò kí i. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ilẹ̀ Faransé ni òkè náà wà. A rìn púpọ̀ nínú yìnyín rírọ̀, àáké mi ń ṣiṣẹ́ ọ̀pá, inú mi sì dùn sí ohun tí mo yàn. Mo rí nǹkan funfun kan lára ìdìmú rẹ̀, mo rò pé ìrì dídì ni, mo nù ún dànù. Nígbà tí a dé ibi tó dúró ṣánṣán, ó kàn mí láti ṣíwájú. Ojú ọ̀nà náà há, ìsàlẹ̀ mi gan-an ni ọ̀rẹ́ mi dúró sí, tó di okùn mi mú. Mo gbá tọ̀tún, mo gbá tòsì. Bí ọwọ́ mi ṣe ń gbóná, ìyókù nǹkan funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Mo dì í mú pinpin, síbẹ̀ ó ń yọ̀. Àáké ọ̀tún bọ́. Mo pariwo. Ọ̀rẹ́ mi fi ọwọ́ bo orí, ọwọ́ náà sì ni àáké bà.

Bí mo ṣe rọ̀ mọ́ tòsì, imú mi súnmọ́ ìdìmú rẹ̀, mo sì gbóòórùn kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná wa. Òróró ólífì tí òtútù ti mú dì ni, èyí tí Mọ́mì máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí pásítọ̀ gbàdúrà sí i. Mo kórìíra ìyá mi lórí òkè yẹn.

Àwọn dókítà to egungun ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi pọ̀, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò ká pọ̀ mọ́, oníṣẹ́ iná tí kò lè di irinṣẹ́ mú kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ti wà nípò rẹ̀. Mo lọ kí i ní Dún Laoghaire, a rìn lọ sí etí òkun. “It’s grand,” ló ń wí ṣáá, pé kò burú. Mo sọ fún un nípa òróró náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó yíjú padà, ó ń lọ níwájú mi títí a fi padà dé ibùdókọ̀ ojú irin.

Ní ti Mọ́mì, ó ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní òkè fẹ́ gbé ọmọ òun mì, òróró kò jẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ fún mi.

Mo gbé àáké méjèèjì ka orí tábìlì ìdáná.

“Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin lẹ fi òróró pa wọ́n?”

“Èmi ni. Nígbà tó o lọ síbi iṣẹ́. Ṣé o rò pé mo lè jẹ́ kó o lọ lọ́wọ́ òfo ni? Ibi tí ọwọ́ ẹ máa dì mú ni mo fi sí jù.”

Inú mi dùn. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo mọ̀, inú mi dùn pé ó gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ni mo wá ro gbogbo rẹ̀ fún un, bí ìdìmú ṣe yọ̀, ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ tó bọ́. Mọ́mì fara balẹ̀ gbọ́ mi.

“Ṣé ìwọ ni àáké yẹn bà?”

“Rárá, mà.”

“Ṣé ìwọ lo já bọ́?”

“Rárá.”

“Kí lo wá ń bá mi jà fún? Ìwọ ni mo gbàdúrà fún. Mi ò mọ òun.”

Ó ní kí n bá òun mú ìgò òróró nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mú un fún un. Ó fa àwọn àáké náà mọ́ra, ó ń fi òróró pa ibi ìdìmú, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó ṣe tán, mo tẹ orí mi síwájú kó lè gbé ọwọ́ lé e.