Ọdún tí Ọmọ Mi Jáwọ́ Nínú Ẹran Jíjẹ

Ẹran ni mò ń dín lọ́wọ́ nínú ilé wa ní Thamesmead, ní ìlú London, nígbà tí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọlé dé tó ní òun ò jẹ ẹran mọ́.

"Kí ló dé? Ṣé inú ń run ẹ́ ni?"

"Rárá, Mọ́mì. Àánú wọn ló ń ṣe mí."

Ilé ìwé wọn ló kó wọn lọ wo oko kan, ọmọ màlúù kan sì lá a lọ́wọ́. Látìgbà náà, ẹran ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Inú bí mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe lókè Shooters Hill. Nígbà tí mo bá fi máa délé, kò sí agbára ìkòkò ọbẹ̀ méjì lára mi. Mo ní kó yọ ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó jẹ ọbẹ̀ rẹ̀. Búrẹ́dì ló fi ọjọ́ mẹ́rin jẹ.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, wọ́n wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde. Mo fẹjọ́ ọmọ sùn wọ́n, mo rò pé wọ́n á bá mi bá a wí. Wọ́n kàn ní ká jọ lọ sọ́jà Woolwich. Wọ́n ra ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí, irú àti olú.

Bí ọmọ mi ṣe ń bá wọn já ẹ̀fọ́ ni ìyá mi sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Nígbà èwe wọn, èèpo iṣu ni wọ́n fi ń bọ́ àgbò bàbá wọn. Nígbà tí bàbá pa àgbò náà lọ́jọ́ Iléyá, wọn ò fẹnu kan ẹran fún odidi ọdún kan.

"Grandma, ṣé o sunkún?"

Mo fẹ́ bá a wí pé "ẹ" ló yẹ kó lò. Ìyá mi fọwọ́ dá mi dúró.

"Mo sunkún o, ọmọ mi. Bàbá mi ò sì nà mí. Wọ́n ní kí n gbé ìpín tèmi fún aládùúgbò."

Nígbà tí Iléyá dé ní Thamesmead, ìyá mi àti ọmọ mi ló gbé ẹran kárí àdúgbò wa. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí olólú ni ọmọ mi jẹ, èmi náà sì bù ú lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá mi ti dolóògbé, ọmọ mi ti lọ ń dá gbé. Kò tíì padà jẹ ẹran. Àwọn ìrọ̀lẹ́ yẹn ló ń sọ sí mi lọ́kàn: mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn láìtíì bọ́ bàtà, mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìdí iná, ìyá mi ń sọ Ìjẹ̀bú, ọmọ mi ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yé.