Ọmọ Abẹ́ Igi Èmi

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí mo ń ṣe ní Àgọ́-Àrẹ ti jẹ́ kí n mọ̀ pé ìyá ọlọ́mọ mọ irọ́ pa. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, bí a bá gbé ọmọ kọ́ òṣùwọ̀n, tí mo bi ìyá rẹ̀ pé ilé ńkọ́, ìdáhùn kan náà ni: "Dáadáa ni, Nọ́ọ̀sì. Ó ń mu ọyàn, ó ń sùn." Ẹ gbà mí o! Ọmọ ta ló ń sùn bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó kékeré kan, Ìyá Sàdíkù, jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Ó fi aṣọ wé ọmọ pinpin nínú ooru. Nígbà tó kàn án, mo ní kó bọ́ aṣọ ọmọ.

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mà."

Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ, ọmọ figbe ta. Mo ká aṣọ díẹ̀, mo rí i pé awọ ẹsẹ̀ ti bó. Omi ìwẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ tiwa, omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ kì í tó wa wẹ ọmọ, àfi kó gbóná, kí eegun lè le.

"Ṣé ọmọ ló ń sè ni àbí iṣu?" obìnrin kan sọ ọ́ lẹ́yìn wa.

Ìyá Sàdíkù gbọ́. Ó gbá ọmọ mọ́ra, ó kọrí sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá lọ, ìtìjú kò ní jẹ́ kó padà wá, egbò yẹn á sì kẹ̀.

"Ìyàwó, dúró ńbẹ̀!"

Àlàájà ni, ìyá àgbà tó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá. Ọmọ rẹpẹtẹ ló bí, gbogbo wọn ló yanjú. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ abiyamọ tòótọ́ nílùú, òun ni wọ́n ń tọ́ka sí.

"Nígbà tí mo bí Múfú, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ igi èmi lóko, igi tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, mo ń wa iṣu. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo ka iṣu mi, ó pé. Mo gbé e rù, mo ń lọ sílé. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀lú kí n tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. Iṣu pé, ọmọ ni mo gbàgbé!"

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà bèèrè pé:

"Kí ni bàbá rẹ̀ wí, Àlàájà?"

"Ta ló sọ fún un? Mo sáré padà, mo bá a tó ń fi èso èmi ṣeré. Múfú náà ló fi ọ̀kadà gbé mi wá yìí, ó wà níta. Ẹ má sọ fún un o!"

Ẹ̀rín sọ. Obìnrin tó sọ̀rọ̀ iṣu ló kọ́kọ́ lanu: "Èmi sùn lọ, tèmi já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì." Òmíràn ní òun rọ ọmọ òun lẹ́kọ títí ó fi há a lọ́fun. Ẹnìkan tiẹ̀ ní, "Nígbà míì, bó bá ń ké, èmi náà á máa ké. Mo máa ń ní kí ni mo tiẹ̀ bí i fún." Kò sẹ́ni tó bá a wí. Ẹni tó jókòó tì í kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú ni. Orí mi wú. Gbogbo ìwáásù tí mo ti ń ṣe fún wọn, n kò gbọ́ irú òótọ́ yìí rí.

Ìyá Sàdíkù padà. Ó tú aṣọ. "Mi ò fọwọ́ tọ́ omi náà wò," ló wí, ó ń sunkún. Obìnrin tó gàn án ló bá a di ọmọ mú nígbà tí mo ń tọ́jú ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà jinná, ó ku àpá. Láìpẹ́ yìí, ìyá tuntun kan jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì yẹn, ó dorí kodò. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ìyá Sàdíkù ti jókòó tì í. Ó ká ṣòkòtò Sàdíkù sókè, ó fi àpá hàn án.

"Wò ó," ló wí, "èmi ni mo fomi gbígbóná bó o. Tìẹ ńkọ́?"