Bàbá Tó Wọn Ẹsẹ̀ Mi

Òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù ló máa ń pàdé èèyàn lórí àtẹ̀gùn yàrá abẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Hazel Crest, láwọn ọdún 1980 yẹn. Bàbá ọkọ rẹ̀, tó wá kí wọn láti ilé, ló sọ ibẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rán bàtà nítorí òtútù Chicago ò jẹ́ kí wọ́n lè jáde. Orí òkè Ìdànrè ni wọ́n bí wọn sí, kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Bàbá tiwọn, tó kọ́ wọn níṣẹ́ náà, ló ń rán bàtà fún àwọn ará òkè, bàtà awọ onísàlẹ̀ nínípọn tí kì í yọ̀ lórí àpáta. Wọ́n ní bàbá àwọn lè gbàgbé orúkọ èèyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í gbàgbé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹsẹ̀ òsì tèmi kúrú ju ọ̀tún lọ, àìsàn ìgbà èwe ló fà á. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan, oṣù kan ni wọ́n sì fi ń dán mi wò. Ìdúró ń pa mí ní ìbàdí, ọ̀gá wọ́ọ̀dù sì ti ní bí n ò bá lè yára sí i, kí n wá ibòmíràn. Bàbá ní àwọn á fi awọ gbé bàtà òsì mi sókè. Bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀ láti wọn ẹsẹ̀ mi, èmi náà ti wà lórí orúnkún. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa.

“Ha, Daddy, please, ẹ dìde! Mi ò lè dúró lé yín lórí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n fẹnu sọ bó ṣe kúrú tó. Mo ní kò ju ìbú ìka kan lọ. Irọ́ ni, mo sì mọ̀.

Ìwọ̀n tí mo pè yẹn ni wọ́n fi ṣe bàtà náà, ṣùgbọ́n ìbàdí ò yé ro mí. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù pé, mo padà sọ́dọ̀ wọn. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kó pákó pẹlẹbẹ jáde, wọ́n tún kúnlẹ̀.

“Bàbá mi máa ń kúnlẹ̀ fún ọmọ kékeré lórí òkè. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Dúró, ọmọ mi.”

Mo dúró. Wọ́n ń ti pákó sábẹ́ ẹsẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ wọn le, ó sì gbóná, títí ìbàdí mi méjèèjì fi dọ́gba. Láti kékeré, n ò tíì dúró gún bẹ́ẹ̀ rí. Mo bú sẹ́kún.

“Ṣé ó dùn ẹ́ ni?”

“Rárá, sà.”

Bàtà kejì yẹn ni mo wọ̀ tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́. Bàbá ti padà sílé kí ooru tó dé, wọ́n sì ti di olóògbé báyìí. Ó pẹ́ kí n tó jẹ́wọ́ fún ara mi pé kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan ló gbé mi kúnlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìtìjú ni. N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ẹsẹ̀ yẹn, mo wá rí ẹ̀kọ́ ilé fi bò ó. Bàbá wò ó, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọn ò sì káàánú mi. Wọ́n kàn wọ̀n ọ́n ni.